Ìtàn géèmù oko: Kí ló dé tí oko orí fóònù kò ní onílẹ̀, owó orí àti omíyalé bíi ti Alajo?

Ní Alajo, àdúgbò kan ní Accra tó wà ní apá àríwá oríta Kwame Nkrumah Circle, ilé ló gba gbogbo ilẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé oúnjẹ fara kan ara wọn débi pé àyè tí èèyàn lè gbin ata sí kò tó nǹkan.

Síbẹ̀, oko kò jìnnà síbẹ̀. Àdúgbò kan wà lágbègbè náà tí wọ́n ń pè ní Pig Farm, ìyẹn oko ẹlẹ́dẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé àti títì ló wà níbẹ̀ báyìí. Ní Dzorwulu àti Roman Ridge tó wà nítòsí, abẹ́ wáyà iná ọba ńláńlá ni àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin létúùsì, kábéèjì, àlùbọ́sà eléwé àti ewédú tí àwọn ará Ghana ń pè ní ayoyo, láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn.

Oko mìíràn tún wà tó ti wọ Accra, Ìbàdàn, Kútọnù àti London láì gba ilẹ̀ kankan. Oko inú géèmù ni. Nínú rẹ̀, èèyàn á ṣán oko, á gbin nǹkan, á bomi rin ín, á tà á, á sì tún fẹ́ ìyàwó tàbí ọkọ ní abúlé kan náà. Òfin àwọn géèmù yìí jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá mọ ọ̀kan fi lè mọ èyí tó kù láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Níbo ni àwọn òfin náà ti wá? Ẹni tó bá dúró sí Alajo wo ọ̀rọ̀ yìí á rí nǹkan kan tó yani lẹ́nu: ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú géèmù oko, òun gan-an ni kì í jẹ́ kí àgbẹ̀ gidi sùn.

Ọmọ ìgbèríko tó dé Tokyo

Lóṣù Kẹjọ ọdún 1996 ni géèmù kan tó ń jẹ́ Bokujō Monogatari jáde ní orílẹ̀-èdè Japan, fún ẹ̀rọ Super Famicom ti ilé iṣẹ́ Nintendo. Ọdún tó tẹ̀lé e ló dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú orúkọ Harvest Moon.

Yasuhiro Wada ni ẹni tó ronú rẹ̀. Ìgbèríko Miyazaki, ní apá gúúsù Japan, ló ti dàgbà kó tó kó lọ sí Tokyo. Ó ti ṣàlàyé ní gbangba pé ìgbà tí òun dé ìlú ńlá ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iyì ìgbèríko tí òun fi sílẹ̀. Nígbà yẹn, ìjà, ìbọn àti eré ìje ló kún inú géèmù. Wada fẹ́ èyí tí kò ní ìjà nínú rárá.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí òun ló jẹ́ ká mọ irú oko tí géèmù náà jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe oko ẹni tó wà lóko. Oko ẹni tó ti kúrò lóko ni, tó wá ń rántí rẹ̀ láti ìlú. Bí ìrántí bá sì ti pẹ́, ibi tó dùn ló máa ń kù.

Lẹ́yìn náà ni oko wọ Facebook. Lóṣù Kẹfà ọdún 2009, ilé iṣẹ́ Zynga ní Amẹ́ríkà gbé FarmVille jáde, lẹ́yìn tí irú eré bẹ́ẹ̀ kan, Happy Farm, ti gbilẹ̀ ní China. Aago gidi ni FarmVille ń lò. Èso tí èèyàn gbìn lè pọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin, ẹni tí kò bá sì tètè padà wá á bá a ní gbígbẹ. Nígbà tó máa fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010, àwọn tó ń ṣe é lóṣooṣù ti lé ní 80 mílíọ̀nù. Ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2020 ni wọ́n ti oko náà pa lórí Facebook.

Èyí tó wá gbajúmọ̀ jù lónìí ni Stardew Valley. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Eric Barone, ló dá a ṣe. Fún ọdún tó lé ní mẹ́rin, òun nìkan ló ya àwòrán rẹ̀, tó kọ orin rẹ̀, tó sì kọ ìtàn inú rẹ̀, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ olùtọ́nisọ́nà ní gbọ̀ngàn eré kan ní Seattle. Harvest Moon tó ṣe nígbà èwe ló ń wá, kò sì rí irú rẹ̀ mọ́. Stardew Valley jáde ní ọjọ́ 26, oṣù Kejì, ọdún 2016. Ó dé orí fóònù iPhone ní 2018 àti Android ní 2019. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún 2024, ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ti tà jẹ́ mílíọ̀nù 41.

Ilẹ̀ bàbá àgbà tí ẹnikẹ́ni kì í bá èèyàn dù

Bí ọ̀pọ̀ géèmù oko ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ rèé: bàbá àgbà fi oko sílẹ̀. Bó ṣe rí nínú Harvest Moon nìyẹn, bó sì ṣe rí nínú Stardew Valley náà nìyẹn, níbi tí òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ ọ́fíìsì ti sú ti ṣí lẹ́tà bàbá àgbà rẹ̀, tó sì di ẹrù rẹ̀ lọ sí abúlé.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti parí. Kò sí ọmọ bàbá kan náà tó máa béèrè ìpín tirẹ̀. Kò sí olórí ẹbí, kò sí ẹni tó ń wọn ilẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa wá sọ pé bàbá òun ló kọ́kọ́ ṣán igbó náà. Àwọn Yorùbá sì ní oko kì í jẹ́ ti bàbá àti tọmọ kó má ní ààlà. Oko inú géèmù ni oko kan ṣoṣo tí òwe yìí kò bá wí.

Ní Ghana gidi, ilẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ wàhálà. Ní agbègbè tí wọ́n ti ń gbin kòkó, ẹni tí kò ní ilẹ̀ lè dáko lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn nípasẹ̀ àdéhùn tí àwọn Akan ń pè ní abusa, níbi tí wọ́n ti ń pín èrè sí ọ̀nà mẹ́ta, tàbí abunu, níbi tí wọ́n ti ń pín in sí méjì. Ìdá kan nínú mẹ́ta ló sábà máa ń kan ẹni tó ṣiṣẹ́ nínú abusa.

Ti àwọn àgbẹ̀ ewébẹ̀ inú Accra tún le ju èyí lọ. Púpọ̀ nínú wọn wá láti apá àríwá Ghana, ilẹ̀ tí wọ́n ń lò kì í sì í ṣe tiwọn. Ilẹ̀ ìjọba ni, tàbí ti iléeṣẹ́, tàbí ti ẹnìkan tí kò tíì ṣetán láti kọ́lé. Ọjọ́ tí onílẹ̀ bá kó búlọ́ọ̀kù dé, oko parí nìyẹn. Ìdí nìyí tí ewébẹ̀ tó ń tètè jáde fi bá wọn lára mu ju igi eléso tó ń gba ọdún lọ.

Ẹ̀rù mìíràn tún wà tí àwọn Yorùbá Ghana kò lè gbàgbé. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti gba ìwé tàbí kí wọ́n kúrò ní Ghana. Ọ̀pọ̀ Yorùbá, títí kan àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin, fi ọjà, ilé àti ọ̀rẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn kò mọ ilé míì ju Ghana lọ. Ó tún kan oko kòkó, nítorí àwọn àjèjì wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Ghana, ìyẹn ló sì bí orúkọ báàgì "Ghana must go".

Nínú géèmù, àjèjì ni ẹni tó ń ṣeré máa ń jẹ́ nígbà tó bá kọ́kọ́ dé abúlé. Ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó máa béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá ti gbé ẹ̀bùn fún àwọn ará ibẹ̀ tó, ó ti di ọmọ onílùú.

Ọjọ́ mẹ́rin, irè dé

Ìgbà mẹ́rin ló wà nínú ọdún Stardew Valley: ìrúwé, ẹ̀ẹ̀rùn, ìwọ́wé àti òtútù. Ọjọ́ 28 ni ìkọ̀ọ̀kan. Irè kan wà tó ń jáde láàárín ọjọ́ mẹ́rin péré. Ohun ọ̀gbìn tí kò bá sì jẹ́ ti ìgbà tuntun á kú pátápátá ní ọjọ́ kìíní, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé àsìkò.

Japan àti Amẹ́ríkà ni kàlẹ́ńdà yìí ti wá. Àgbẹ̀ etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Afíríkà kì í ka ọdún bẹ́ẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀, òjò àrọ̀kúrò, ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́ ni àwọn Yorùbá fi ń mọ ìgbà oko. Ní Accra, òjò ńlá máa ń rọ̀ láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Keje, kékeré á sì tẹ̀lé e láti oṣù Kẹsàn-án. Igi kòkó lè gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so. Létúùsì tó tilẹ̀ ń yá ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Òjò gan-an kì í ṣe ohun kan náà. Nínú Stardew Valley, tẹlifíṣọ̀n máa ń sọ bí ojú ọjọ́ ọ̀la ṣe máa rí, òjò sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, nítorí ó máa ń bomi rin gbogbo oko lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí omíyalé. Ohun ọ̀gbìn tí wọn kò bomi rin kì í tilẹ̀ kú. Ó kàn máa ń dúró ni, títí olóko yóò fi rántí rẹ̀.

Alajo mọ òjò mìíràn. Agbègbè odò Odaw ni àdúgbò náà wà, ó sì wà lára ibi tí omíyalé ti ń dààmú àwọn èèyàn nígbà òjò. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, ọdún 2015, òjò rọ̀ ní Accra débi pé omi bo ọ̀nà, iléepo kan nítòsí Kwame Nkrumah Circle sì gbiná níbi tí àwọn èèyàn sá sí. Àwọn tó kú nínú ìjàǹbá náà lé ní 150.

Ohun tó dun àgbẹ̀ inú ìlú ni pé òjò lè pọ̀ jù lónìí, kí omi sì wọ́n lọ́la. Nínú géèmù, adágún tàbí odò èyíkéyìí ni èèyàn lè ti pọnmi. Ní Accra, omi ẹ̀rọ wọ́n, nítorí náà àwọn àgbẹ̀ kan ń pọn omi gọ́tà àti ti odò kéékèèké. Òfin ìlú Accra ti ọdún 1995 kò fàyè gba kí wọ́n fi omi gọ́tà bomi rin ohun tí wọn yóò tà fún jíjẹ. Àgbẹ̀ wà láàárín òfin àti ewébẹ̀ tó ń rọ.

Ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú garawa

Ọ̀pọ̀ géèmù oko ló ní garawa ìbomirin. Bẹ́ẹ̀ náà ló wọ́pọ̀ nínú àwọn oko ewébẹ̀ Accra. Garawa tí ẹnu rẹ̀ lu bí ajere ni, tó ń gba bíi lítà 15 omi. Méjì ni àgbẹ̀ sábà máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Àwọn géèmù yìí mọ̀ pé ó ń rẹ èèyàn. Wọ́n ya okun kan sí ẹ̀gbẹ́ ojú fóònù, tó ń lọ sílẹ̀ bí èèyàn bá ṣe ń roko tàbí tó ń bomi rin ín. Ẹni tí kò bá tíì sùn nígbà tó bá di aago méjì òru nínú Stardew Valley á dákú, wọ́n á sì gbé e dé ilé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, á tún jí. Orí kọ̀ǹpútà, ìgbà tí èèyàn bá sùn nìkan ni eré náà ń tọ́jú iṣẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ará Ghana tó la ìgbà dumsor kọjá, nígbà tí iná ọba ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ọdún 2012 sí 2016, á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: tí iná bá lọ kí ilẹ̀ tó ṣú nínú oko, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti wọgbó.

Ṣùgbọ́n ohun tó ṣàjèjì jù ni pé olóko dá wà. Òun nìkan ló ń ṣán igbó, òun nìkan ló ń kórè. Láyé àtijọ́, àgbẹ̀ Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àáró wà, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ ti máa ń ṣiṣẹ́ lóko ara wọn ní tìtẹ̀léra. Ọ̀wẹ̀ wà, níbi tí èèyàn ti máa ń pe ẹbí, àna àti aládùúgbò fún iṣẹ́ ńlá, tí á sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Àwọn Akan ní tiwọn, nnoboa ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará abúlé inú géèmù máa ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ olóko, wọ́n á sì kí i dáadáa, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni gbé ọkọ́ tẹ̀lé e.

Àpótí tó ń sanwó lóru

Nínú Harvest Moon, àpótí kan wà nínú oko. Ohunkóhun tí olóko bá jù sínú rẹ̀, ẹnìkan á wá kó o, owó á sì dé. Ọ̀pọ̀ géèmù tó tẹ̀lé e ló gba àpótí yìí mọ́ra. Létí Yorùbá, orúkọ Alajo dún bí alájọ, ẹni tó ń gba owó àjọ kiri, èyí tí àwọn ará Ghana ń pè ní súsú. Àpótí inú géèmù dà bí alájọ tí kì í sá lọ láéláé.

Iye owó kò sì ń yí padà. Bí olóko bá kó ẹgbẹ̀rún kan kábéèjì wá lọ́jọ́ kan, iye kan náà ni wọn yóò san lórí ìkọ̀ọ̀kan. Kò sí alágbàtà, kò sí ìyá ọjà, kò sí ọkọ̀ tòmátò láti Burkina Faso tó lè mú kí ọjà wálẹ̀. Nínú Animal Crossing tó bẹ̀rẹ̀ ní Japan ní 2001, gbèsè ilé wà, ṣùgbọ́n kò ní èlé, kò sì ní ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ san án. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn ìwọ̀fà, níbi tí èèyàn ti ń fi iṣẹ́ ara rẹ̀ dí èlé owó tó yá, á mọ̀ pé àlá ni irú gbèsè bẹ́ẹ̀.

Ní Ghana, iye owó irè ti da ìlú rú rí. Ní ọdún 1937, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì ń jẹ́ Gold Coast, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó fohùn ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ṣe máa rà á kí wọ́n má baà bá ara wọn du ọjà. Àwọn àgbẹ̀ gbọ́, wọ́n sì dáhùn: wọ́n kọ̀, wọn kò ta kòkó mọ́, wọn kò sì ra ọjà òyìnbó. Ó di 1938 kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀, lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ Nowell wá ṣe ìwádìí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, owó orí ló fa tiwọn. Láàárín 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà dìde lábẹ́ orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà, pẹ̀lú aṣáájú bíi Tafa Adeoye, nítorí owó orí ga nígbà tí owó kòkó kò tó nǹkan. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó dín owó orí náà kù. Nínú Stardew Valley, èèyàn lè dáko fún ogún ọdún kí agbowó orí kankan má kan ilẹ̀kùn.

Ìyàwó láìsí alárinà, ẹran láìsí ọ̀bẹ

Nínú Stardew Valley, ẹni tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó á máa fún àfẹ́sọ́nà ní ẹ̀bùn, kò ju méjì lọ lọ́sẹ̀, títí ọkàn pupa tó ń ka ìfẹ́ wọn yóò fi kún. Lẹ́yìn náà ni yóò ra ohun ọ̀ṣọ́ ọrùn kan ní 5,000 owó inú eré. Kò sí alárinà, kò sí ìtọrọ, kò sí ẹbí tó máa wádìí irú ìdílé tó ti wá.

Adìẹ ń yé, màlúù ń fún wàrà, ṣùgbọ́n wọn kì í pa ẹran kankan jẹ nínú oko náà. Ẹran tí ebi pa á bínú, kò ní kú. Ní ìlú tó ní àdúgbò tí wọ́n sọ lórúkọ oko ẹlẹ́dẹ̀, kò sẹ́ni tí wọ́n máa ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń sin ẹlẹ́dẹ̀ fún.

Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ará ìlú dáko

Ìgbà kan wà tí àlá pé kí ará ìlú fi ọ́fíìsì sílẹ̀ lọ mú ọkọ́ jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ eré. Ní ọdún 1972, lẹ́yìn tí ọ̀gágun Ignatius Acheampong gba ìjọba Ghana, ó gbé ètò Operation Feed Yourself kalẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dáko, títí kan ẹ̀yìnkùlé àti ilẹ̀ tó ṣófo láàárín ìlú. Ní 1976, ìjọba Ọlúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé irú rẹ̀, Operation Feed the Nation, kalẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ètò méjèèjì kò pẹ́. Ọkọ́ àti irúgbìn nìkan kò tó. Ilẹ̀, omi, ọ̀nà àti ọjà ni àgbẹ̀ nílò, àwọn nǹkan tí géèmù oko máa ń fún èèyàn lọ́jọ́ kìíní láì béèrè.

Ìyẹn kò sọ pé géèmù náà ń parọ́. Wada kò sọ pé òun fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ohun tó fún àwọn èèyàn ni oko tí ìsapá kì í já sí asán nínú rẹ̀: ẹni tó bá gbìn á kórè, ẹni tó bá kórè á tà, ilẹ̀ tó bá sì tún ṣe kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Adùn rẹ̀ nìyẹn fún ọmọ Alajo tó ń ṣe é nínú ọkọ̀ tròtrò.

Nǹkan mẹ́ta yìí kan náà ni àgbẹ̀ tó wà lábẹ́ wáyà iná ní Dzorwulu ń fẹ́. Garawa kan náà ló wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn nìkan ló mọ̀ dájú pé oko òun á ṣì wà níbẹ̀ tí ilẹ̀ bá mọ́.